Epo Àṣàkẹ́ Lójú Fèrèsé

Mùnírátù Àṣàkẹ́, ọmọ Òpómúléró, ọmọ òfì-kì-í-sùn-lágbàlá, ọmọ a-wunṣọ-f'ọ́lọ́jà-kó-tó-wun-t'ara-rẹ̀, àkọ́bí Ràájì, ọmọ Ṣìfáwù Àbẹ̀ní, ọmọ-ọmọ Àdùnní tó ń bá ọyẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá Mùdáṣírù dókítà, a-lé-òjò-bí-ẹni-lé-adìẹ, ẹ sùn-ún re o. Kí Ọlọ́run fi àlùjáńnà kẹ́ yín. Èmi àbúrò yín, Sàbítíyù Àjọkẹ́, ni mo ń kí yín. Mo fẹ́ kí yín dáadáa ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, nítorí inú tó ń bí mi sí yín kò tíì rọ̀, ẹ sì ti lọ, ẹ ò fi ẹni tí màá bá jà sílẹ̀ fún mi.

Ilé ìdáná Mùdáṣírù ní Lucan, lẹ́bàá Dublin ní ilẹ̀ Ireland, ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, báírò Rùkáyá ọmọ rẹ̀ ni mo fi ń kọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má retí gírámà lọ́wọ́ mi. Kéwú ni wọ́n fi mí sí, ìwé òyìnbó tí mo kà kò kọjá kíláàsì kejì, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó gbé agbo ilé wa ní Ìsẹ́yìn, láti orí ẹni tó lójú títí dé orí ẹni tó fọ́jú, mo sì mọ ohun tí oníkálùkù sọ. Mùdáṣírù yìí nìkan ni Ọlọ́run dá sí fún ẹ̀gbọ́n mi nínú gbogbo ọmọ tó bí. Ó wá kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Dublin, ó kọ́ ọ tán, kò padà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú nílé, ó ní kí ìyá òun máa bọ̀. Ìyá ní òun ò lè dá wà láàárín òyìnbó. Ni wọ́n bá ní kí èmi náà máa bọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ra adìẹ tí wọ́n fi ẹyin ṣe èènì fún un. Owó ń dún ní Dublin nígbà náà. Ilé tuntun ń hù ní Lucan bí olú, irin gíga tí wọ́n fi ń kọ́lé na ọrùn lójú ọ̀run bí àgùfọn, gbogbo ènìyàn ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Mùdáṣírù ń gbé ọsibítù ju ilé lọ. Kúdírátù ìyàwó rẹ̀ ń jí lọ sí ọ́fíìsì ní Citywest. Rùkáyá ń bẹ ní ilé ìwé títí di ọ̀sán. Ó ku àwa arúgbó méjì, ó ku òjò. Òjò Dublin kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ kó dá. Kì í sán àrá, kì í kìlọ̀. Ó dà bí ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí wọ́n bẹ òun.

Inú òjò yìí ni Àṣàkẹ́ ti bu epo pupa sínú sọ́sà kan, tó gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná. Láràárọ̀, bí a bá ti kírun àsùbáà tán, yóò fi ọmọ-ìka ọwọ́ rẹ̀ kàn án.

"Sàbí! Epo ti dì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká mu tíì."

"Mo ní epo ti dì. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Sọ fún Mùdá."

"Ìlú òyìnbó la wà! Ọjọ́ wo ni epo ò ní dì níbí? Èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́? Òun náà dì. Ó dì lóṣù tó kọjá, yóò dì lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń fi gbogbo ọdún ṣe ni?"

"Ìwọ lo mọ̀. Èmi ti sọ tèmi."

Bí Kúdírátù bá ti tibi iṣẹ́ dé tó tan hítà, tí ilé gbóná, tí epo náà yọ́, Àṣàkẹ́ á fi ìbòrí bo etí, á ní òjò ti padà, ta ló pè é? Lọ́jọ́ Sátidé kan ó kó gbogbo kúbùsù ilé, ó fọ̀ wọ́n nínú ibi ìwẹ̀, ó ń sá wọn sórí okùn lẹ́yìnkùlé. Rùkáyá sáré jáde, ó ń kígbe pẹ̀lú ohùn àwọn ọmọ Dublin tí wọ́n máa ń fi imú fà: "Granny, it's lashing!" Òjò ń rọ̀ kíkankíkan ló ń wí. Ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá bí omi, ṣùgbọ́n tí a bá bá a sọ ọ́, òyìnbó ló fi ń dáhùn. Àṣàkẹ́ ní kó bá òun di etí kúbùsù kejì mú. Alẹ́ ọjọ́ náà, abẹ́ kóòtù ni gbogbo wa sùn.

"Màmá Sàbí, ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀," ni Kúdírátù wí. Mo ti sọ̀rọ̀ títí tí ètè mi fi bó. Bàbá wa máa ń wí pé ẹni tó bá Àṣàkẹ́ jiyàn, kó kọ́kọ́ jẹun yó.

Ẹ má rò pé ó ń ṣarán. Ara rẹ̀ kò yá ni. Àyà ń dùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ó sì fẹ́ fojú rí Ìsẹ́yìn kó tó kú. Kò fẹ́ ohun mìíràn. Gbogbo ìgbà tó bá sì sọ ọ́, èsì kan náà ni Mùdáṣírù ń fún un: "Màmá, òjò ṣì ń rọ̀ nílé. Ẹ̀fọn pọ̀, ọ̀nà ò dáa, àyà yín ò gba ọ̀rinrin. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, màá mú yín lọ." Ẹ̀ẹ̀rùn dé, iṣẹ́ kò jẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, wọ́n gbé e ga níbi iṣẹ́, kò jẹ́. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn bí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn máa ń dé lóòótọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gba Àṣàkẹ́ gbọ́: Míìsì Glòríà, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé tó tẹ̀lé tiwa, ènìyàn dúdú bíi tiwa, ará Port of Spain ní erékùṣù Trinidad. Ó ń kó aṣọ wọlé nínú òjò lọ́jọ́ kan, ó rí Àṣàkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn tó gbé imú sókè tó ń fa afẹ́fẹ́, ó sì bi Rùkáyá ohun tí ìyá ń gbóòórùn. Rùkáyá sọ fún un. Obìnrin náà gbé agbọ̀n aṣọ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ní ní ìlú àwọn, bí ọdún Kérésì bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, atẹ́gùn kan máa ń ti ojú òkun wọlé ní àárọ̀. Òjò á ká ara rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, ọ̀run á ga, koríko orí òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, aṣọ tí ènìyàn sá á gbẹ kó tó sá èkejì.

"Bi í," ni Àṣàkẹ́ wí, ó di Rùkáyá lápá mú. "Bi í bóyá epo tiwọn ń dì."

Míìsì Glòríà rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Ó ní epo àgbọn ni tàwọn. Òwúrọ̀ oṣù kìíní, kí oòrùn tó là, a máa dì nínú ìgò, funfun báláú. Ìyá òun á gbé ìgò náà sójú oòrùn kí wọ́n tó lè rí i fi para lọ sí ilé ìwé.

"O gbọ́!" Àṣàkẹ́ yíjú sí mi. "Òkun ló wà láàárín wa, ó sì mọ̀ ọ́n. Ìwọ tí a jọ mu ọmú kan náà, o ní mò ń ya wèrè."

Mo mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi. Ìyá Àgbà wa, Àdùnní, ìyá tó bí bàbá wa, àwọn ló ni epo. Bí òjò bá ti ń dín kù ní Ìsẹ́yìn, wọ́n á bu epo sínú àwo amọ̀ pẹlẹbẹ kan, wọ́n á gbé e sórí ògiri kúkúrú tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án jẹ pàṣán. Títí dìgbà tí epo yẹn bá dì lóòórọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí orí ilé, awunṣọ kò gbọdọ̀ ta okùn òfì rẹ̀ jáde sí gbangba, a kì í sì í rin ìrìn-àjò tó ní odò lọ́nà. "Epo kò mọ baálé, kò mọ ìwọ̀fà," ni wọ́n máa ń wí. "Ojú ọ̀run lè tan ọba jẹ, kò lè tan epo." Agbo ilé tó yí wa ká ń rán ọmọ wá: "Ẹ kú àárọ̀ o, wọ́n ní ṣé epo ti dì?" Bí Ìyá Àgbà bá ní ó ti dì, ìró yóò gba àdúgbò: àdá lára koríko, ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin lórí àkàbà, òfì Làmídì àbúrò bàbá wa tó ń dún kàkà-kíkà bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń rí àwọn òwúrọ̀ ọyẹ́ wọ̀nyẹn: ọ̀run funfun bí omidùn, ètè ń là, òrí tí a fẹ́ fi para le bí òkúta, eérú ìgbẹ́ jíjó ń já bọ́ sínú ẹ̀kọ gbígbóná tí a gbé lọ́wọ́, tí a ń fẹ́ ẹ kúrò tí a tún ń mu ún. Láti ibi tí mo wà ni mo ti ń gbọ́ ẹni tó ń wúkọ́ ní agbo ilé kejì. Nǹkan máa ń dún jìnnà ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Lọ́dún kan nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìyá wa kò sí nílé. Wọ́n ti gbé Làsísì àbúrò wa pọ̀n lọ sí Òkèhò láti ìgbà tí àgbàdo ṣì wà lóko, wọ́n lọ tọ́jú ìyá tiwọn tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Òjò pọ̀ lọ́dún náà, odò ojú ọ̀nà kún. Tí a bá bi bàbá wa, wọ́n á ní, "Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, màá gun kẹ̀kẹ́ lọ mú un bọ̀." Wọ́n sọ ọ́ lónìí, wọ́n sọ ọ́ lọ́la. Àṣàkẹ́ ló ń wẹ̀ mí, ọmọdé bíi tèmi, tó ń fi kànrìnkàn bó mi lára. Òun ló ń dirun fún mi, ó ń fà á bí okùn òfì, tí mo bá sunkún, á ní, "Lọ bá ìyá ẹ kó dì í fún ẹ." Lẹ́yìn náà á lọ jókòó sẹ́yìn àká, òun náà á sunkún. Ìyá Àgbà ló ń se ọbẹ̀, ọbẹ̀ wọn kò sì mọ iyọ̀ rí láti ọjọ́ tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ariwo Ìyá Àgbà ló jí wa. "Ràájì! Ó ti dì o!"

Bàbá jáde, wọ́n wo òkè, wọ́n wo àwo. "Ìyá, kò sí kùrukùru. Ètè mi ò tíì là."

"Ètè ẹ ni mo gbé sórí ògiri, àbí epo?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó tán. Wọ́n pe Làmídì, wọ́n gun orí yàrá ìyá wa lọ, wọ́n sì ká gbogbo koríko orí rẹ̀ sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kí ìyàwó wọn lè bá òrùlé tuntun. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkèhò. Àṣàkẹ́ sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ náà dé ìdí igi ńlá tí wọ́n ń pè ní ìyá, ó ń jó.

Àrọ̀kúrò òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Kò rọ̀ bí òjò tó ń dágbére, ó rọ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan tó padà wá gbé e. Gbogbo wa fi igbá àti agbada gbọ́n omi nínú yàrá tí kò lórí, omi ń ga sí i. Ìgbà tó fi máa dá, ògiri ẹ̀yìn ti rọ, ó jókòó wọ̀ǹrọ̀ bí àgbàlagbà tó rẹ̀. Bàbá dé lórí kẹ̀kẹ́, ìyá wa lẹ́yìn, Làsísì lẹ́yìn ìyá wa, gbogbo wọn tutù bí ẹyẹ. Ìyá wa wo yàrá, wọ́n wo bàbá.

"Bàbá Àṣàkẹ́, òrùlé tuntun tí ẹ ń ròyìn fún mi láti Òkèhò dà?"

Agbo ilé rẹ́rìn-ín, títí kan bàbá. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Làmídì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ní, "Ìyá, epo yín ti kọ́ irọ́ o!" Ìyá Àgbà gbé àwo náà, wọ́n da epo inú rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ dé sábẹ́ ibùsùn. Wọn ò bu epo mọ́ títí wọ́n fi kú. Nígbà tí ọyẹ́ gidi dé, ọmọ kankan kò wá bi wá léèrè. Ó dùn mí ju ògiri tó wó lọ. Ọdún mélòó ni mo fi ń bínú sí ojú arúgbó wọn tó tàn wọ́n jẹ.

Ẹ wá wo ohun tí Àṣàkẹ́ ṣe ní Lucan. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, hítà ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ torí Kúdírátù ò lọ síbi iṣẹ́, epo sọ́sà ti yọ́ tán, Mùdáṣírù sì ti pè pé òun ń bọ̀ wá jẹun. Mo wọ ilé ìdáná. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi tó bẹ̀rẹ̀ níwájú fíríìjì, tó ń ti sọ́sà epo bọ ẹ̀yìn àgé mílíìkì.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Kò tilẹ̀ gbọ̀n. "Ti ilẹ̀kùn yẹn, òtútù ń jáde."

"Irọ́ lẹ fẹ́ fi epo pa fọ́mọ yín?"

"Kí ló wá dé? Ìdí àmù ni mo gbé e sí nígbà yẹn. Kò sí fíríìjì."

Mo jókòó. Ó ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ó ní nígbà tí Ìyá Àgbà ti sùn, òun gbé àwo náà bọ inú iyanrìn tútù tó wà nídìí àmù, òun sì dá a padà sórí ògiri kí ìrun àsùbáà tó tó. Ó ní òun fẹ́ kí ìyá òun padà wálé.

Ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé Mùdáṣírù náà lọ. "Àṣàkẹ́! Ìyá Àgbà ru ẹ̀gàn yẹn dé sàréè! Wọ́n pè wọ́n ní òpùrọ́ lójú ọmọ àná! Èmi fúnra mi—"

"Wọ́n mọ̀."

"Ta ló mọ̀?"

"Ìyá Àgbà. Kí wọ́n tó dojú àwo dé, wọ́n gbé e yí, iyanrìn wà nídìí rẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò nù ún, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, 'Ìyá ẹ ṣáà ti dé, àbí?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n lọ gbálẹ̀."

Mo ti di arúgbó pẹ̀lú ìbínú tí mo rò pé mo mọ ẹni tó ni ín, wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ mi nídìí fíríìjì. Bí ó ṣe ń dìde ni ikọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó di etí tábìlì mú títí ikọ́ náà fi lọ. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ìró mọ́tò Mùdáṣírù níta.

Ó wọlé, ó kí wa, "Ẹ kú ilé o, Màmá, Màmá Sàbí," ó rí bí ojú wa ṣe rí. "Epo tún ni?"

Àṣàkẹ́ la ẹnu. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ṣí fíríìjì, mo gbé sọ́sà jáde, mo gbé e síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, epo inú rẹ̀ ti ń dì láti etí.

"Ó ti dì," ni mo wí. "Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Mú ìyá ẹ lọ sílé."

Ó wo fíríìjì. Dókítà ni, kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó wú kọjá bàtà. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Ó dáa. Ó dáa, Màmá. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn mọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni." Ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo jẹ́rìí rẹ̀. Míìsì Glòríà gbé àpótí aṣọ tó ní táyà wá fún un. Àṣàkẹ́ di ẹrù, ó tú u, ó tún un dì, ó ní kí n má ṣe gbàgbé òrí nítorí ọyẹ́ á ti máa mú. Ó ń bá mi jà lórí aṣọ tí yóò wọ̀ wọ Ìsẹ́yìn. Mo ní aṣọ aró ni kó wọ̀, ó ní sányán, mo ní ta ló ń wo arúgbó, ó ní Làsísì.

Kò dúró de ọkọ̀ òfurufú. Ó sùn lálẹ́ Ọjọ́rú, kò jí kírun. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kánjú, tí kò lè ní sùúrù kí epo dì fúnra rẹ̀, kò lè ní sùúrù kí ọ̀sẹ̀ kan pé. Mùdáṣírù fẹ́ gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́ lórí àtẹ̀gùn. Èmi ni mo ní rárá. Ibi tí Mùsùlùmí bá kú sí ni à ń sin ín sí, a kì í gbé e kiri bí ọjà. Èmi pẹ̀lú àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ni a wẹ̀ ẹ́. Epo ṣì pọ́n lábẹ́ èékánná ọmọ-ìka rẹ̀. Mo fọ gbogbo ara, mo fọ ibẹ̀ títí, kò lọ tán.

Àwọn ọkùnrin gbé e lọ, èmi dúró sílé. Ilé kún. Wọ́n tan hítà nítorí àwọn àlejò, ìkòkò ń hó lórí iná, gíláàsì fèrèsé ń làágùn. Rùkáyá dúró tì mí, ó fi ìka kan epo nínú sọ́sà. Ó ti yọ́ pátápátá, ó ń dán bí omi. Ó wò mí, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá: "Màmá Sàbí, kò dì." Mo gbé sọ́sà náà, mo ṣí fíríìjì, mo gbé e sẹ́yìn àgé mílíìkì. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Òjò kò rọ̀. Wọ́n sin Àṣàkẹ́ ní Dublin lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.